Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé: Ìtàn Ospreys, ẹgbẹ́ rọ́gíbì tí àwọn ọ̀tá méjì bí ní Wales

Bẹ́ ẹ bá gbọ́ orúkọ Swansea, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn. Ẹ ó rántí Swansea City, ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ Ayew láti Ghana gbá bọ́ọ̀lù fún, tí Wilfried Bony, ọmọ Ivory Coast, sì fi góólù dárà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé ìlú náà, lápá gúúsù ilẹ̀ Wales, tẹ́ ẹ bi àwọn àgbà ibẹ̀ pé eré wo ló wà lẹ́jẹ̀ wọn gan-an, rọ́gíbì ni wọ́n máa pè. Ìyẹn bọ́ọ̀lù tó rí gbọọrọ bí ẹyin, tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, tí géńdé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún máa ń ya lu géńdé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bí ẹni pé wọ́n jẹ ara wọn lówó. Lóde òní, ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà àwọn ọ̀tá, tó sì gbé e kanlẹ̀, ti jẹ àmì márùn-ún. Wọ́n á tún fún ẹgbẹ́ rẹ̀ láǹfààní láti ta bọ́ọ̀lù gba àárín òpó méjì kọjá. Bó bá wọlé, méjì míì nìyẹn.

Ẹgbẹ́ rọ́gíbì kan níbẹ̀ la gbé ìtàn rẹ̀ wá fún yín lọ́sẹ̀ yìí. Ospreys lorúkọ ẹ̀. Ẹyẹ ńlá kan ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ẹyẹ tó máa ń já wálẹ̀ láti òkè, táá fi èékánná gbé ẹja nínú odò. Láàárín ọdún 2005 sí 2012, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹgbẹ́ yìí gba ife líìgì, kò sì sí ẹgbẹ́ míì ní Wales tó gbà á tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, lọ́dún 2025, àwọn tó dá a sílẹ̀ náà ló tún jáde, tí wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ jù, ọ̀kan gbọ́dọ̀ kúrò.

Báwo lọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀? Ẹ jẹ́ ká tú u láti ìdí.

DÚDÚ KÌ Í JÓKÒÓ TI FUNFUN

Ìlú méjì ni, Neath àti Swansea. Wọn ò jìnnà síra wọn rárá, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 13 lọ. Láyé ìgbà kan, àwọn tó ń wa èédú, àwọn tó ń yọ́ bàbà àtàwọn tó ń ṣe páànù ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Bí wọ́n bá fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ṣiṣẹ́ àṣelàágùn, ọjọ́ Sátidé, pápá rọ́gíbì ni gbogbo wọn ń rọ́ lọ.

Ọdún 1871 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Neath sílẹ̀, òun ló sì dàgbà jù ní gbogbo Wales. Kódà, inú òtẹ́ẹ̀lì kan nílùú Neath yìí náà ni wọ́n ti dá àjọ tó ń darí rọ́gíbì ní Wales sílẹ̀ lọ́dún 1881, àjọ tí wọ́n ń pè ní WRU. Ẹ fi WRU yìí sọ́kàn o, a máa tó padà sórí ẹ̀. Ẹgbẹ́ Swansea ní tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá rọ́gíbì lọ́dún 1874. Lọ́dún 1935, òun ló kọ́kọ́ jẹ́ kíláàbù tó na New Zealand, tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù. 11 sí 3 ni wọ́n nà wọ́n. Èyí tó wá dùn jù níbẹ̀ ni pé méjì nínú àwọn tó darí eré náà fún Swansea, Haydn Tanner àti Willie Davies, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n ṣì jẹ́ lọ́jọ́ náà.

Neath, aṣọ dúdú ni wọ́n ń wọ̀. Swansea, funfun gbòò ni tiwọn. Bí dúdú bá pàdé funfun lórí pápá, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ líìgì ní Wales lọ́dún 1990, Neath ló gba ti àkọ́kọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Swansea já a gbà. Láàárín ọdún mọ́kànlá àkọ́kọ́ tí wọ́n fi gbá líìgì yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Neath gbà á lẹ́ẹ̀mejì, Swansea gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn tó wà nítòsí ara wọn tó báyìí, tí wọ́n sì jọ ń fojú sí ohun kan náà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò lè sí ìfẹ́ láàárín wọn.

OWÓ DÉ, WÀHÁLÀ DÉ

Títí di ọdún 1995, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbowó nítorí pé ó ń gbá rọ́gíbì. Tíṣà ni ẹlòmíràn, ọlọ́pàá ni ẹlòmíràn, àwọn míì ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ irin. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni wọ́n kéde pé ẹni tó bá fẹ́ san owó lè máa san án. Lójú ẹsẹ̀ ni nǹkan yí padà. Àwọn kíláàbù England àti ti Faransé lówó lọ́wọ́ ju ti Wales lọ fíìfíì. Àwọn ti Wales náà ò gbà, wọ́n ní àwọn náà á náwó bíi tiwọn. Ẹni tó bá sì ń bá olówó jókòó ní bíà, tí kò ní kọ́bọ̀ lápò, ẹ mọ bó ṣe ń parí.

Nígbà tó fi máa di ọdún 2002, gbèsè ti wọ kíláàbù lọ́rùn, WRU fúnra rẹ̀ náà sì wà nínú gbèsè. Ni WRU bá gba ọ̀gá àgbà tuntun kan, David Moffett, ọkùnrin tó ti darí àjọ rọ́gíbì New Zealand rí. Ojú kì í ti Moffett, kì í sì í rọra sọ̀rọ̀. Ó ní kíláàbù ńlá mẹ́sàn-án ti pọ̀ jù fún orílẹ̀-èdè kékeré bíi Wales. Ó ní àwọn ìlú tó wà nítòsí ara wọn gbọ́dọ̀ para pọ̀, kí wọ́n di ẹgbẹ́ agbègbè kan ṣoṣo.

Ariwo ta! Síbẹ̀, lọ́dún 2003, ẹgbẹ́ agbègbè márùn-ún jáde nínú kíláàbù mẹ́sàn-án. Cardiff dá dúró, Llanelli náà dá dúró, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní Scarlets. Wọ́n pa Newport pọ̀ mọ́ Ebbw Vale, ìyẹn ló di Dragons. Wọ́n pa Pontypridd pọ̀ mọ́ Bridgend, wọ́n sọ ìyẹn ní Celtic Warriors. Ẹgbẹ́ karùn-ún ló wá ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù: Neath àti Swansea! Dúdú àti funfun! Wọ́n ní kí wọ́n lọ máa gbé inú ilé kan náà.

ÌGBÉYÀWÓ TIPÁTIPÁ

Neath-Swansea Ospreys ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́. Wọ́n fọgbọ́n pín nǹkan kí ẹnì kan má baà sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Aṣọ dúdú Neath ni wọ́n mú. Ẹyẹ tó wà lára àmì Swansea ni wọ́n fi sọ orúkọ. Kóòṣì tí wọ́n gbà, Lyn Jones, ọmọ Neath ni. Kápútéènì wọn, Scott Gibbs, ará Swansea ni, ọkùnrin onígbọ̀nwọ́ irin tó já gba àárín àwọn ọmọ England kọjá ní Wembley lọ́dún 1999, tí Wales fi na wọ́n 32 sí 31. Kódà wọ́n ò ní ilé kan pàtó. Wọ́n á gbá lónìí ní pápá Gnoll ní Neath, wọ́n á gbá lọ́la ní pápá St Helen's ní Swansea.

Àwọn tí Neath wà lọ́kàn wọn ò fẹ́ẹ́ wá sí Swansea. Àwọn ti Swansea náà ń yọ ṣùtì sí Neath. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún àkọ́kọ́ ṣe lọ, tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí ayọ̀ nínú ilé.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aládùúgbò wọn lọ́dún 2004 burú ju tiwọn lọ. Celtic Warriors ò lò ju ọdún kan ṣoṣo lọ láyé. Owó tán lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, WRU ra ìpín ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ náà pa. Ọmọ ọdún kan! Wọ́n pín àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ bí ẹni pín ogún. Agbègbè Bridgend bọ́ sọ́wọ́ Ospreys, Ryan Jones tó jẹ́ géńdé tó lágbára sì wà lára àwọn tó kó wá sọ́dọ̀ wọn. Àwọn ará Pontypridd àti gbogbo àfonífojì tó wà lápá òkè ibẹ̀ kò wá ní ẹgbẹ́ ńlá kankan tí wọ́n lè pè ní tiwọn mọ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń na ìyálé yìí, ìyàwó ò ráyè wo àjà. Àsìkò ọ̀ṣọ́ rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀.

ÌGBÀ TÍ AYÉ Ń YẸ WỌ́N

Lọ́dún 2005, ọdún kejì péré tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, Ospreys gba ife líìgì tí àwọn ẹgbẹ́ Wales, Ireland àti Scotland jọ ń gbá. Lọ́dún náà ni wọ́n yọ Neath-Swansea kúrò lára orúkọ wọn, tí wọ́n sì kó lọ sí pápá tuntun tí ìlú Swansea kọ́, tí àyè ìjókòó inú ẹ̀ lé ní 20,000. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Swansea City ni wọ́n jọ ń lò ó. Kò sí pé à ń lọ sílé tèmi, à ń lọ sílé tìẹ mọ́.

Ọdún yẹn náà ni Gavin Henson di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Bàtà aláwọ̀ fàdákà ló máa ń wọ̀ ṣeré, irun rẹ̀ á dúró gan-an lórí. Òun ló ta bọ́ọ̀lù tí Wales fi na England 11 sí 9. Kó tó di pé èèyàn ń ṣẹ́jú, òun àti Charlotte Church, olórin ọmọ Wales tí gbogbo ayé mọ̀, ti ń fẹ́ra. Ojoojúmọ́ làwọn oníwèé ìròyìn England ń tẹ̀ lé wọn kiri bí ìgbà tí eṣinṣin ń tẹ̀ lé elẹ́ran.

Lọ́dún 2007, wọ́n tún gba ife líìgì náà. Ẹ gbọ́ ibi tí wọ́n ti gbà á o. Ilẹ̀ Scotland ni, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Border Reivers. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí Ospreys fi gba ife yẹn ni ìkẹyìn tí Border Reivers gbá láyé. Àjọ rọ́gíbì Scotland ti ní owó ò tó mọ́, àwọn fẹ́ ti ẹgbẹ́ náà pa. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan ń gbé ife sókè, èkejì ń palẹ̀ ẹrù mọ́ lórí pápá kan náà.

Àfi bí ọdún 2008 ṣe dé. Ospreys na Leicester 23 sí 6 ní Twickenham, nílùú London, wọ́n gba ife tí àwọn kíláàbù England àti Wales jọ ń du. Ṣáájú ìyẹn, lóṣù kejì ọdún náà, orílẹ̀-èdè Wales lọ bá England fà á ní Twickenham kan náà. Nínú àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó bẹ̀rẹ̀ eré náà fún Wales, mẹ́tàlá ló wá láti Ospreys! Ọmọ Llanelli kan àti ọmọ Cardiff kan ló kún un. Ogún ọdún ni Wales kò tíì na England níbẹ̀ mọ́. Wọ́n nà wọ́n lọ́jọ́ náà, 26 sí 19, wọ́n sì na gbogbo àwọn tó kù nínú ìdíje náà láìku ẹnì kan. Ryan Jones tí wọ́n mú láti ilé olóògbé Celtic Warriors ni kápútéènì.

Shane Williams tún wà níbẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú ni, nígbà tó ṣì kéré, wọ́n ní kò ní í lè gbá rọ́gíbì nítorí pé kò tóbi. Lọ́dún 2008 kan náà, wọ́n pè é ní agbábọ́ọ̀lù rọ́gíbì tó dára jù lágbàáyé. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó tóbi ló lè sáré.

Alun Wyn Jones ńkọ́? Ọmọ Swansea gan-an ni. Ẹ̀ẹ̀mejìdínlọ́gọ́jọ (158) ló gbá bọ́ọ̀lù fún Wales, ó tún gbá méjìlá fún Lions, ìyẹn ẹgbẹ́ tí wọ́n ń ṣa àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ England, Scotland, Wales àti Ireland sí lọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin. Kò sí ọkùnrin tó tíì gbá tó bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́dún 2021 tó yẹ kó kó Lions lọ sí South Africa, èjìká rẹ̀ yẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Gbogbo èèyàn ní ó ti parí. Kò pé oṣù kan tó fi padà dé, òun náà ló sì ṣe kápútéènì. Lára àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà ni Maro Itoje, ọmọ tí àwọn òbí ọmọ Nàìjíríà bí sílùú London. Itoje yìí náà ló gba ipò kápútéènì Lions lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí wọ́n lọ sí Australia lọ́dún 2025.

ỌJỌ́ TÍ DUBLIN DÁKẸ́ RỌ́RỌ́

Lọ́dún 2010, Ospreys lọ na Leinster 17 sí 12 nínú àṣekágbá líìgì, nínú ilé Leinster ní Dublin, olú ìlú Ireland. Àwọn kan ní oríire lásán ni. Ìyẹn ni wọ́n ṣe tún padà lọ sí pápá kan náà lọ́dún 2012.

Leinster ọjọ́ náà kì í ṣe ẹran rírọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí eré parí, 30 sí 24 ni Leinster fi ń ṣáájú. Àwọn ará Dublin ti ń kọrin. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti tẹ Shane Williams lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Eré ìkẹyìn tó máa gbá fún Ospreys nìyẹn o! Ló bá gé e, ó já wọlé, ó gbé bọ́ọ̀lù kanlẹ̀. Ó di 30 sí 29. Gbogbo ẹ̀ wá kù sọ́wọ́ ọmọ ọdún 22 kan, Dan Biggar, tó fẹ́ẹ́ ta bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ ìlà níbi tó ṣòro jù. Ó ta á, ó gba àárín kọjá. 31 sí 30! Ife kẹrin dé.

Lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá sọ fún ará Swansea pé ìkẹyìn nìyẹn, wọ́n á ní kó lọ sùn. Ṣùgbọ́n látìgbà náà, Ospreys ò gba líìgì mọ́.

Kí ló fà á? Owó náà ni. Kí wọ́n tó gba ife 2012 yẹn pàápàá, àwọn ìràwọ̀ wọn ti ń lọ. James Hook, Mike Phillips àti Lee Byrne kọjá sí Faransé lọ́dún 2011. Biggar fúnra rẹ̀ lọ sí England lọ́dún 2018. Nínú ife-ẹ̀yẹ tó ga jù nílẹ̀ Yúróòpù, wọn ò kọjá ibi tó ku ẹgbẹ́ mẹ́jọ rí, àmì kan ṣoṣo ni Biarritz fi lé wọn níbẹ̀ lọ́dún 2010.

Lọ́dún 2019, wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tipátipá mìíràn dé, pé kí Ospreys àti Scarlets di ọ̀kan. Alága Ospreys bínú kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì fọ́ yángá. Lọ́dún 2020, àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Asia, iléeṣẹ́ Y11, wá ra èyí tó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà. Síbẹ̀ iná ò kú pátápátá. Ní sáà 2022 sí 2023, wọ́n na Montpellier tó gba líìgì Faransé nílé àti lóko, wọ́n tún lọ na Leicester tó gba ti England nínú ilé rẹ̀.

PÀṢÁN KÚRÒ LÓRÍ ÀJÀ

Lóṣù kẹrin ọdún 2025, owó tán ní Cardiff, WRU sì ra ẹgbẹ́ náà kó má baà kú. Lóṣù kẹjọ, WRU gbé àbá jáde pé ẹgbẹ́ méjì péré ló yẹ kó kù. Wales gbóná. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, wọ́n rọ̀ ọ́ díẹ̀, wọ́n ní ẹgbẹ́ mẹ́ta làwọn fẹ́: ọ̀kan ní Cardiff, ọ̀kan lápá ìlà oòrùn, ọ̀kan lápá ìwọ̀ oòrùn. Ẹgbẹ́ méjì ló sì wà lápá ìwọ̀ oòrùn yẹn, Ospreys àti Scarlets. Àga kan, ìdí méjì.

Ká má parọ́, WRU náà ní ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n ní oúnjẹ tí ò tó ọmọ mẹ́rin, kí ọmọ mẹ́ta jẹ ẹ́ yó. Ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè Wales fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejìdínlógún léraléra kí wọ́n tó rí Japan nà lóṣù keje ọdún 2025. Ẹni tó bá rí ìyẹn, tó ní kí nǹkan máa lọ bó ṣe ń lọ, kò fẹ́ràn Wales.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ètùtù. Nígbà tí Lions gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú Australia lọ́dún 2025, ọmọ Wales kan ṣoṣo ló wọ pápá, Jac Morgan, agbábọ́ọ̀lù Ospreys. Nígbà tí Wales ń wá kóòṣì tuntun lọ́dún náà, Steve Tandy ni wọ́n mú, ọkùnrin tó gbá bọ́ọ̀lù fún Neath àti Ospreys, tó sì jẹ́ kóòṣì Ospreys lọ́jọ́ 31 sí 30 ní Dublin. Ilé tí wọ́n ti ń mú òpó ni wọ́n ń rò láti wó.

Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ gan-an ò sí nínú ìwé ìṣirò owó. Nígbà tí wọ́n pa Celtic Warriors, ohun tí wọ́n rò ni pé àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ á kọjá sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tó kù. Ọ̀pọ̀ ará Pontypridd ò lọ síbì kankan. Ẹni tí wọ́n gba ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ aládùúgbò. Ilé rẹ̀ ló máa ń jókòó sí. Ó gba Neath àti Swansea ní nǹkan bí ogún ọdún àti ife mẹ́rin kí wọ́n tó lè jókòó ti ara wọn láìwo ara wọn tìbínú-tìbínú. Bí wọ́n bá tú wọn ká, wọn ò ní í bí òmíràn lọ́la.

Lọ́dún 2025 tí gbogbo èyí ń lọ lọ́wọ́, Ospreys kó kúrò ní pápá ńlá tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 2005. Èrò wọn ni láti tún St Helen's ṣe, kí wọ́n padà síbẹ̀. Kí iṣẹ́ tó parí, wọ́n ní láti wá ibì kan forí pamọ́ sí fún sáà kan. Pápá Brewery Field ní Bridgend ni wọ́n rí. Ẹ mọ pápá yẹn? Níbẹ̀ ni Celtic Warriors ti gbá bọ́ọ̀lù ní ọdún kan ṣoṣo tó lò láyé.

Ilé ìyálé ni ìyàwó lọ sá sí, nígbà tí pàṣán kúrò lórí àjà.